Ọjọ́ Tí Ìyá Àgbà Dìde ní Fìdítì

Ìyá àgbà dìde, àyà mi já. Àga onírin tí wọ́n jókòó lé dún, gbogbo ìlà iwájú sì yíjú sí wa. Mo di ìró wọn mú. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má lọ!" Omijé ti lé ròrò sójú mi.

Bùọ̀dá, àbíkẹ́yìn ìyá àgbà, ló ń fọn fèrè onídẹ lórí pèpéle. Iṣẹ́ tíṣà ni ìyá àgbà fi í sí, ó ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó bá àwọn olórin jáàsì àti fọ́ǹkì lọ sí Ìbàdàn. Odindi ọdún mẹ́ta ni ìyá àgbà kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ìgbà tí a gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá ṣeré ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Fìdítì, ìyá àgbà fa aṣọ ìsìn wọn yọ nínú àpótí, òórùn kánfọ̀ gba gbogbo yàrá.

"Etí ara mi ni n ó fi gbọ́ ọ," ni wọ́n wí. "Bó bá jẹ́ ìranù ni, n ó dìde, n ó sì máa lọ sílé mi."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ bọ́lẹ́kájà láti Awẹ́. Kò sẹ́ni tó tíì wo irú eré bẹ́ẹ̀ rí nínú àwa méjèèjì. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn kíláàsì, òórùn epo rẹ̀ ń bá ti ọsàn tí àwọn èèyàn ń bó jà. Ìyá àgbà gbé báàgì lé itan, wọ́n le ojú koko bí ẹni tó wá jẹ́rìí ní kóòtù.

Bùọ̀dá bọ́ síwájú, ó dá fèrè fọn jẹ́jẹ́. Mo mọ orin náà: èyí tí ìyá àgbà máa ń dá nígbà àdúrà ìrọ̀lẹ́ ni. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti dìde, tí mo fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má lọ.

"Ta ló ń lọ?" ni wọ́n dá mi lóhùn. "Ṣé à ń jókòó kọ orin Olúwa nílé wa ni?"

Àwọn ìyá ìjọ Onítẹ̀bọmi tó wà nílà wa gbọ́, ni gbogbo wọn bá dìde, wọ́n káwọ́ síwájú.

"Ẹ jókòó o, ẹ̀yin ìyá! A ò ríran!" ni àwọn ará ẹ̀yìn ń pariwo.

Kò pẹ́ ni ìlù wọlé, gìtá olóhùn ńlá tẹ̀ lé e, ilẹ̀ ń mì lábẹ́ bàtà mi. Orin àdúrà wa di ijó! Àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ sáàárín pápá.

"Màmá, orin ijó ti dé, ẹ jókòó," ni mo wí fún wọn.

"A ti ṣe àmín ni?"

Wọn ò jókòó. Ṣùgbọ́n mo rí ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn tó ń lulẹ̀ lábẹ́ ìró.

Nígbà tí fèrè parí, kí ẹnikẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, ìyá àgbà ké tantan: "Àmín!"

Bùọ̀dá mọ ohùn yẹn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pèpéle pẹ̀lú fèrè lọ́wọ́. Ìyá àgbà yíjú sí àwọn tó ní kí wọ́n jókòó. "Ọmọ mi nìyẹn o! Èmi ni mo bí i!" Áà, orí mi wú lọ́jọ́ náà! Mo ń wo ojú gbogbo èèyàn kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni mo ń gbé.

Ìyá àgbà ti lọ tipẹ́. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi tẹ dùrù níléèwé rẹ̀, mo sì dìde. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, a ò ríran."

Mo ní, "Ṣe sùúrù, ọmọ mi. A ò tíì ṣe àmín."