Ọmọrí Ìkòkò Tíì Òyìnbó

Ìyá ìyá mi ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, wọ́n sì pọ̀, ṣùgbọ́n òun ni olórí wọn. Bí mo bá sì pè é ní "ó" dípò "wọ́n", kí ẹ má bínú: mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí ó kú sí lọ.

Amọ̀kòkò ni, kò sì sí èkejì rẹ̀ ní Ìwó. Nínú bútà amọ̀ tí àwọn àlùfáà fi ń ṣe àlùwàlá, tirẹ̀ nìkan ni kì í jò sí wọn lẹ́sẹ̀. Èmi náà fẹ́ mọ ìkòkò. Mo mọ mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ́ nínú iná. Ó wo àpáàdì wọn, ó wo ọwọ́ mi, ó ní ọwọ́ mi rọ̀ bí ẹ̀kọ, kí wọ́n mú mi lọ sí ilé ìwé. Láyé ìgbà yẹn, ọmọ tí kò wúlò nílé ni wọ́n ń kó fún òyìnbó. Ohun kan ṣoṣo tí ó rí nínú ìwé mi ni pé mò ń ka lẹ́tà ọmọkùnrin rẹ̀ tó wà ní Kúmásì fún un, èyí tó máa ń sọ pé òun ń bọ̀ wálé, tí kì í wá.

Mo ti tó ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí òyìnbó oníwàásù tó ń kọ́ wa gbé ìkòkò tíì kan wá bá ìyá àgbà. Amọ̀ pupa ni, kò tóbi ju ọsàn lọ, láti ilẹ̀ Ṣáínà. Ọmọrí rẹ̀ ti fọ́, ó fẹ́ òmíràn. Èmi ni ògbufọ̀. Òyìnbó ní àwọn ọkùnrin kan wà ní Ṣáínà láti ayé baba ńlá wọn, ọ̀gá amọ̀kòkò, tí ọlọ́lá ń wá kiri, tí wọ́n ń tẹ òǹtẹ̀ orúkọ wọn sí ìdí ìkòkò. Ọ̀gá mìíràn tilẹ̀ ń tẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀ sí iṣẹ́ ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ìyá àgbà gbọ́ pé ọkùnrin ni wọ́n, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó béèrè pé ta ló ń bá wọn roko. Lẹ́yìn náà ó ki ìka bọ inú ìkòkò, ó dijú. Ó ní ẹni yìí fi igi lu amọ̀ pẹlẹbẹ, ó ká a, ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ojú ibi tó ti lẹ̀ ẹ́ nìyí.

"Ó mọṣẹ́," ló wí. "Àmọ́ kí ló ń fi orúkọ pamọ́ sábẹ́ ìdí sí? Ṣé olè ni?"

N kò túmọ̀ ìyẹn.

Amọ̀ tútù a máa súnkì nínú iná. Ìyá àgbà fi ojú wọn ọmọrí tirẹ̀. Èmi jí amọ̀ rẹ̀ bù, mo fi koríko wọn ẹnu ìkòkò náà, mo fi díẹ̀ lé e, mo mọ tèmi. Bí ti àwọn ará Ṣáínà, mo fi ẹ̀gún kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ mi sínú rẹ̀, mo sì kì í sáàárín àwọn bútà tó ń lọ síná.

Nígbà tí eérú tutù, tirẹ̀ já sínú ìkòkò. Tèmi jókòó bíi fìlà lórí lèmọ́mù. Ó wò ó, ó wò mí. Ó gbé e, ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ bá òyìnbó.

Òyìnbó yí ọmọrí padà, ó rí lẹ́tà náà, ó ní kí n béèrè ohun tó jẹ́. Mo béèrè. Gbólóhùn kan péré ni mo ń retí, pé ọmọ ọmọ òun ló ṣe é, n ó sì padà sídìí amọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

"Sọ fún un pé òǹtẹ̀ mi ni."

Obìnrin tí kò mọ lẹ́tà yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ adìẹ. Ẹnu ara mi ni mo fi túmọ̀ rẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara. Òyìnbó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ náà ni mo mọ̀ pé Ṣáínà kò jìnnà sí Ìwó.

N kò fọwọ́ kan amọ̀ mọ́. Mo di tíṣà, mo sì ń fi ẹgba na ọmọ ọlọ́mọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ojú ìyá àgbà fọ́ tán, tó ku díẹ̀ kó kú, mò ń ka lẹ́tà Kúmásì kan fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dá mi dúró.

"Mo mọ̀ pé ìwọ lo ṣe ọmọrí yẹn. Àmọ́ amọ̀kòkò kún ilé wa. Bí mo bá ní kó o padà sídìí amọ̀, ta ni ì bá máa ka lẹ́tà fún mi? Ó yá, máa kà á lọ."