Wẹ̀mí Ló Ń Bá Bàbá Rẹ̀ Jẹ́ Ìpè

Bí ẹ bá ń wá ìjà Fọláwẹ̀mí, ẹ má wulẹ̀ bú u, ẹ má sì fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀. Ẹ kàn jókòó tì í, kí ẹ ṣí ọ̀kan nínú àwọn géèmù orí fóònù tó máa ń sọ fún èèyàn pé, "Káàbọ̀! Ẹ̀bùn tòní rèé. Bí o kò bá wá lọ́la, wàá pàdánù gbogbo ohun tí o ti kó jọ." Kíá lojú ọmọbìnrin náà á yí padà. Á ní géèmù kọ́ nìyẹn, á ní ọ̀gá ibi iṣẹ́ ni, ọ̀gá tí kì í sanwó oṣù.

Ó wà ní ọdún kẹta nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ní Maiduguri, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀ bó bá ti dọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Lójú Wẹ̀mí, géèmù tó dáa ni èyí tí o lè gbé jù sílẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, kí o padà wá, kí o bá a níbi tí o fi í sí, láìbínú. Kò gbọdọ̀ nílò dátà, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìlú yẹn kò ṣeé fọkàn tán. Ní ti fóònù, ó ní èyíkéyìí tó bá ti ń sọ ibi tí o wà fún ẹlòmíràn ti kúrò ní fóònù rẹ, amí ló dà. Ó ti pa ohun tó ń fi ibi téèyàn wà hàn lórí fóònù tirẹ̀, ó pa á lórí ti ìyá rẹ̀, ó sì pa á lórí ti bàbá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan tí ìyẹn ń sùn. Iṣẹ́ tó bá sì jẹ́ ohun kan náà lójoojúmọ́, ẹ̀rọ ni kó máa ṣe é, kí èèyàn lè ráyè ronú. Èmi kò ní ọmọ náà kò gbọ́n o. Ó gbọ́n. Àmọ́ ọgbọ́n ọ̀dọ́ dà bí aṣọ tuntun, kò síbi tí wọn kì í wọ̀ ọ́ lọ.

Ibi tí kò yẹ kó wọ̀ ọ́ lọ ni ọ̀rọ̀ ìpè ìrọ̀lẹ́.

Láti ìgbà tí wàhálà ti gbóná nílùú náà ni àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀, Mùsùlùmí àti Kristẹni, olùkọ́, òṣìṣẹ́ báńkì, oníṣòwò àti àwọn kọ́pà, ti kó ara wọn jọ sórí Wọ́sáàpù. Ní ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti délé. Alhaja Sàlímọ́tù, tó ń ta aṣọ ní ọjà Gamboru, ló ń ṣọ́ ìpè náà. Bí ẹnì kan kò bá jẹ́, Alhaja á pè é lórí fóònù. Bí kò bá gbé e, ẹni tílé rẹ̀ sún mọ́ ti onítọ̀hún jù lọ ni yóò dìde lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ì báà máa jẹun lọ́wọ́. Ara ti tu ìlú díẹ̀ báyìí, síbẹ̀ wọn kò dá a dúró.

Bàbá Wẹ̀mí, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbóyèga, olùkọ́ ìṣirò tó ń gbé ní àdúgbò Fori, ni olórí àwọn tó máa ń gbàgbé. Ìyá Wẹ̀mí ti lọ sílé, ó lọ bá àbúrò rẹ̀ tó bímọ tọ́jú ọmọ, kò wá sí ẹni tí yóò máa rán ọkùnrin náà létí. Ó lè wọlé, kó pa dátà kí bátìrì má baà tán, kó sì jókòó ti rédíò. Ìgbà kan wà tí Mùíbì, mẹkáníìkì àdúgbò, fọwọ́ tó kún fún epo dúdú wá kan ilẹ̀kùn, tó sì bá a tó ń hanrun lórí àga. Ojú ti bàbá. Ó pe ọmọ rẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì.

"Ìwọ tó o mọ kọ̀ǹpútà, ṣé o ò lè bá mi wá nǹkan ṣe sí i ni? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pe orúkọ mi bí ọmọ ilé ìwé."

Inú Wẹ̀mí dùn. Kí ni ìpè ọ̀hún lójú tirẹ̀ bí kò ṣe géèmù ojoojúmọ́ yẹn kan náà: wá, fọwọ́ kàn án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wàá rí i? Ó so Wọ́sáàpù bàbá rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀, ó sì kọ ètò kékeré kan tí yóò máa jẹ́ ìpè fún un. Ó fọgbọ́n sí i gan-an. Ètò náà kì í sọ̀rọ̀ ní àkókò kan náà, kì í sì í sọ ohun kan náà. Lónìí á ní, "Mo ti wọlé, a dúpẹ́." Lọ́la á ní, "Gbóyèga ti délé o, ooru yìí pọ̀." Ó tilẹ̀ fi àṣìkọ sí i níhìn-ín lọ́hùn-ún, torí bàbá rẹ̀ kì í tẹ lẹ́tà tó tọ́. Kò pẹ́ tí Alhaja fi yin ọkùnrin náà níwájú gbogbo ẹgbẹ́ pé, "Ẹ wo Baba Wẹ̀mí bó ti di ẹni àkọ́kọ́ tó ń jẹ́ ìpè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wá kọ́gbọ́n." Bàbá àti ọmọ fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Nígbà tó yá, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ pe ara wọn mọ́. Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì níbẹ̀ rèé: Wẹ̀mí tó mọ̀ pé òun ló ń sọ̀rọ̀, òun gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ náà tu ara rẹ̀ nínú. Á wo fóònù nírọ̀lẹ́, á rí i pé bàbá òun ti délé, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀.

Àsìkò ooru dé, èyí tí afẹ́fẹ́ Maiduguri máa ń gbóná bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Ilé ìwé bàbá rẹ̀ ti gba ìsinmi, àmọ́ ti yunifásítì kò tíì tó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Wẹ̀mí jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó sì pe bàbá rẹ̀ láti bi í léèrè ọjọ́ tí ìyá òun yóò dé. Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún un pè. Ó ní bóyá ó ń wẹ̀. Ibi tó ti ń pè é nígbà kẹta ni kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti dún, tí ọ̀rọ̀ sì jáde lójú rẹ̀ ní orúkọ bàbá rẹ̀: "Mo ti wọlé, a dúpẹ́."

Lórí ẹgbẹ́, Alhaja ti dáhùn: "Ọlọ́run ṣé o, Baba Wẹ̀mí. Ẹ máa mu omi dáadáa." Àwọn méjì mìíràn kí i kú ìdélé. Gbogbo ayé ti mọ̀ pé ọkùnrin náà wà lálàáfíà, àfi ọmọ rẹ̀ nìkan.

Ẹ̀rù bà á. Ó fẹ́ fi fóònù wá ibi tí bàbá rẹ̀ wà, ó wá rántí pé òun fúnra òun ló pa á. Ó lọ wo ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti lo Wọ́sáàpù gbẹ̀yìn, Wọ́sáàpù ní ìsinsìnyí ni, ṣùgbọ́n ètò tirẹ̀ ló ń wò yẹn. Ibi gbogbo tó yíjú sí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń bá níbẹ̀. Ó ṣí ètò náà, ó ń kà á láti òkè délẹ̀ bí ẹni pé ìdáhùn á wà nínú rẹ̀. Kí ló dé tí kò pe Alhaja? Ìtìjú ni. Bó bá pè é, gbogbo ẹgbẹ́ yóò gbọ́ pé ẹni tí wọ́n ní kí ọ̀dọ́ fi ṣe àwòkọ́ṣe kò jẹ́ ìpè fúnra rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Bàbá rẹ̀ sì lè kàn wà ní ilé ìwẹ̀. Ó ní kí òun dúró díẹ̀ sí i. Ó dúró. Ó pè é, kò gbé e. Ó tún dúró.

Bí Ummulkhair, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, ṣe kírun dé nìyẹn, ó rí ojú rẹ̀.

"Me ya faru?" ó bi í, pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Wẹ̀mí rọ́ ọ fún un ní Hausa, torí èdè tó ti ń gbọ́ láti kékeré ní títì nìyẹn, òun ló sì máa ń yá jù lẹ́nu rẹ̀ bí ọkàn rẹ̀ bá dàrú.

"To, ki kira maƙwabta mana," ni Ummulkhair wí, pé kó pe àwọn ará àdúgbò.

"Za su sani," ni Wẹ̀mí wí, pé wọ́n á mọ̀.

"Su sani mana! Babanki ne fa!"

Kí wọ́n mọ̀ ọ́n, bàbá rẹ ni! Ọ̀rọ̀ náà gbá a létí. Ó pe Alhaja.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, Alhaja."

"Wẹ̀mí ọmọ mi, ẹ̀kọ́ ńkọ́?"

"Alhaja, bàbá mi ò gbé fóònù."

"Á ti sùn ni. Ṣebí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ ìpè báyìí."

"Àwọn kọ́ mà."

"Àwọn kọ́ kẹ̀? Ta wá ni?"

"Èmi ni. Kọ̀ǹpútà mi ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá wọn jẹ́ ẹ."

Wẹ̀mí ń gbọ́ ìró fáànù ilé Alhaja. Ó ń retí èébú, ì bá sì tù ú lára ká ní èébú náà dé.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú…"

"Gbé fóònù sílẹ̀, ọmọ yìí. Jẹ́ kí n rí Mùíbì pè."

Mùíbì ló wọlé bá ọkùnrin náà. Ó wà nílẹ̀ láàárín pálọ̀ àti ilé ìdáná, bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀, búrẹ́dì tó rà wà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tíì tú u. Ó ń mí. Ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, ohun tó sì fẹ́ sọ kò ṣeé gbọ́.

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni Wẹ̀mí àti Ummulkhair wọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. "Don Allah, ka yi sauri," ló ń bẹ ọlọ́kọ̀ ní gbogbo ọ̀nà, pé kó jọ̀ọ́ kó yára. Níbi tí sójà ti dá wọn dúró, tó bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń lọ, Ummulkhair ló dáhùn.

Wọ́n bá Alhaja àti Mùíbì lórí bẹ́ńṣì níwájú yàrá àwọn aláìsàn pàjáwìrì. Wẹ̀mí kúnlẹ̀. Alhaja fà á dìde, ó sì mú un jókòó ti ara rẹ̀. Mùíbì ló sọ̀rọ̀, kò sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń báni wí. Ńṣe ló ń sọ ọ́ bí ẹni tó jẹ̀bi.

"Mo kọjá níwájú ilé yín nírọ̀lẹ́. Géètì ṣí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀gá kì í fi géètì sílẹ̀. Mo ní kí n yọjú sí wọn. Bí mo ṣe fẹ́ wọlé báyìí ni fóònù mi dún, mo rí i pé wọ́n ti jẹ́ ìpè. Mo bá bá tèmi lọ."

Wẹ̀mí fi ọwọ́ bo ẹnu. Alhaja sì béèrè wẹ́rẹ́ pé, "Búrẹ́dì yẹn, ṣé tàárọ̀ ni àbí tìrọ̀lẹ́?" Mùíbì mi orí. Kò mọ̀. Ilé ìwé wà ní ìsinmi, aya kò sí nílé, kò sẹ́ni tó rí ọkùnrin náà lọ, kò sẹ́ni tó rí i bọ̀.

Dókítà jáde sí wọn, ọ̀dọ́kùnrin kan tó rẹ̀ tẹnutẹnu. Ó ní ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ọpọlọ. Ó ní oògùn kan wà tó lè tú u, àmọ́ bí ó bá ti pẹ́ jù tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀, oògùn yẹn kan náà lè pa á.

"Nítorí náà, mo gbọ́dọ̀ mọ̀. Ìgbà wo ni ẹnikẹ́ni nínú yín bá a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, tí ara rẹ̀ ṣì le?"

"Ó jẹ́ ìpè ní…" Mùíbì bẹ̀rẹ̀, ó sì pa ẹnu dé.

Gbogbo wọn yíjú sí Wẹ̀mí. Ó mú fóònù rẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Lójoojúmọ́ ló kí ẹgbẹ́, lójoojúmọ́ ló dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò sì sí ẹyọ kan tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ó wo àwọn ìpè orí fóònù. Bàbá rẹ̀ pè é ní ìrọ̀lẹ́ àná, kò gbé e. Géèmù ló ń gbá lọ́wọ́ nígbà náà. Ó ti ní lọ́kàn pé òun á pè é padà, àfi bí ọ̀rọ̀ ṣe jáde lórí ẹgbẹ́ pé ó ti délé, lòun náà bá gbàgbé.

"Wọ́n pè mí lánàá, sà," ó wí. "Mi ò gbé e."

"Láti àná wá ńkọ́? Lónìí? Ṣé ẹnì kankan gbọ́ ohùn rẹ̀ lónìí?"

Wẹ̀mí wo Alhaja. Omi ti ń bọ́ lójú Wẹ̀mí, ó ṣí ẹnu, ó sì ní òun kò mọ̀.

Dókítà yíjú sí Alhaja àti Mùíbì, bóyá wọ́n mọ̀. Nígbà tí kò sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀, ó ní a jẹ́ pé àwọn kò ní lè fún un ní oògùn náà, ó sì padà wọlé.