Ó Ní Ìrora Òun Kò Ju Méjì Lọ

Nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí nípa ìrora ní ilé ìwòsàn kan ní Ìkòròdú, ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn aláìsàn ni pé, láti òdo dé mẹ́wàá, ibo ni ìrora yín dé? Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan wọlé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Apá rẹ̀ ti kán, ètè rẹ̀ sì ti ya.

Ó wo ojú ọkọ rẹ̀ kó tó dáhùn. "Méjì ni, mà."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ ọkàn mi kò gbà á. Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè wá níta."

Ó dìde, ó fọ́ mi létí, ó gbé àga, ó là á mọ́ ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ ta sórí ìwé ìbéèrè mi kí àwọn ọlọ́dẹ tó wọ́ ọ jáde.

Mo jókòó ti obìnrin náà nílẹ̀, mo tún bi í.

"Mẹ́wàá ni," ó ní. "Ó ti pẹ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá mú un lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Láti ìgbà náà, mi ò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè yẹn lójú ẹlòmíràn mọ́.