Òrí Tí Asabe Fi Pamọ́

Ní gbogbo abúlé tó wà lẹ́yìn odò Asà, Ìyá Olóòrí ni wọ́n ń pe Asabe. Àgbà ń pè é bẹ́ẹ̀, ọmọdé ń pè é bẹ́ẹ̀, àwọn Fúlàní tó ń da màlúù kọjá náà kò mọ orúkọ mìíràn fún un. Ẹnì kan ṣoṣo ni Asabe fẹ́ kó pe òun ní ìyá láyé yìí, ẹni náà kò sì sí lẹ́yìn odò.

Inú ìlú Ìlọrin ló ti wá, láti ilé Abdulraheem oníṣòwò káún, tí kò jìnnà sí Ọjà-Ọba. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n rà á wọ ilé náà, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Asabe, bí àwọn Gàmbàrí ṣe ń sọ ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà. Orúkọ tí ìyá tó bí i sọ ọ́, kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Nígbà tó fi máa dàgbà, òun pàápàá ti gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tó dàgbà tán, Abdulraheem mú un sọ́dọ̀, ó sì bí ọmọbìnrin kan fún un. Wọ́n sọ ọmọ ní Salimat. Ọmọ bàbá rẹ̀ ni Salimat, ọmọ ilé pátápátá ni, kò sẹ́ni tó lè pè é lẹ́rú. Ìyá rẹ̀ nìkan ló kù sípò ẹrú. Àṣà ilé yẹn ni pé tí wọ́n bá ti já irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmú, ọwọ́ ìyáálé ni wọ́n ń fà á lé. Hàlímọ̀tù ni ìyáálé, kò bí ọmọbìnrin rí. Kò ya ìkà o, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó fẹ́ràn ọmọ náà dénú, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń dì í nírun. Àmọ́ òun ni ọmọ ń pè ní Ìyá, ó sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo ilé ṣe ń pe Asabe ní Asabe, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó bí náà ń pè é.

Asabe fara dà á fún ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, Salimat ti tó ọmọ ọdún márùn-ún, ó jókòó sórí ẹní Hàlímọ̀tù, ó na igbá sí ìyá rẹ̀.

“Asabe! Lọ bu omi wá fún mi, kíá!”

Ohùn Hàlímọ̀tù gan-an ló fi sọ ọ́. Àwọn obìnrin ilé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ yìí. Àwọn tí nǹkan ń pa lẹ́rìn-ín! Asabe lọ bu omi, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún ọmọ tó lóyún rẹ̀ fóṣù mẹ́sàn-án. Ó padà sí ìdí àmù. Ó di ẹnu àmù mú, ó sunkún, kò jẹ́ kí ohùn jáde.

Ọdún tí rélùwéè dé Ìlọrin nìyẹn. Àwọn òyìnbó ti ní kò sẹ́rú mọ́, pé ẹni tó bá jáde nílé olówó rẹ̀, kóòtù kò ní fipá dá a padà. Asabe wá rò ó pé ẹrú nìkan ni ọmọ ń pe orúkọ mọ́ lórí. Tóun bá di ẹni ara òun, tóun bá ní ilé tóun fọwọ́ ara òun kọ́, Salimat á wá bá òun níbẹ̀, á sì pe òun bí ọmọ ṣe ń pe ìyá. Ohun tó rò nìyẹn. Ẹ má bá a wí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, nígbà tí àwọn ọkùnrin wà ní mọ́ṣáláṣí, ó di aṣọ méjì sínú igbá, ó lọ bá Salimat níbi tó ti ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré.

“Jẹ́ ká lọ,” ó wí.

Ọmọ di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ti dúró. “Asabe, Ìyá ní n ò gbọdọ̀ jáde.”

Asabe lágbára tó láti gbé e. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bàbá ló ni ọmọ, pé bóun bá gbé e, wọn á tọpasẹ̀ òun dé ibi yòówù, wọn á sì gbà á lọ́wọ́ òun lójú gbogbo ayé. Ó fi ọwọ́ ọmọ sílẹ̀. Ó lọ.

Ó ré odò kọjá, ó wọ igbó, ó ń rìn títí ó fi dé ibi tí igi èmi, igi tí wọ́n fi èso rẹ̀ ṣe òrí, pọ̀ sí tí kò sí ilé kankan. Ó fi ewé bo àtíbàbà kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó sùn títí oòrùn fi wọ̀ ọ́ lójú, kò sẹ́ni tó jí i, kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Ó jókòó, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kírun níbi tó wù ú. Adùn rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀rù ẹkùn ń bà á, ebi pa á ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, síbẹ̀ adùn rẹ̀ pọ̀. Ìgbà tó bá fẹ́ jẹun nìkan ló máa ń gbọ́ ohùn ọmọ náà létí rẹ̀, á sì gbé oúnjẹ náà sílẹ̀.

Òrí ló ń ṣe. Á ṣa èso èmi, á sè é, á sá a, á gún un, á lọ̀ ọ́, á fi omi pò ó títí òrí á fi léfòó. Lọ́dọọdún, ó máa ń yọ èyí tó funfun jù sínú akèrègbè kan, ó ní òrí ìgbéyàwó Salimat nìyẹn. Bí ọdún bá yí po, á kó ti èṣí tà, á fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Kò dé ìlú mọ́, kò sì sọ ibi tó ti wá fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà wá mú un. Bí ẹnu rẹ̀ ṣe pa mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn kò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó lo ọdún méjìlá bẹ́ẹ̀. Lọ́dún kejìlá náà, alájàpá kan tó ń jẹ́ Jummai, tó ń ra òrí lọ sí Ọjà-Ọba, rí àpá iná tó wà lápá rẹ̀, ó sì rántí rẹ̀, torí àdúgbò kan náà ni wọ́n jọ gbé. Ọ̀sẹ̀ kejì ló mú obìnrin kan dé, tó gbé ọmọ pọ̀n.

“Sálámù àlékún. Asabe, ẹ kú iṣẹ́ o,” obìnrin náà wí.

Òrí ń bẹ lọ́wọ́ Asabe dé ìgbọ̀nwọ́. Kò nílò kẹ́nì kankan sọ fún un pé Salimat ni.

“Wọ́n ti gbé ọ níyàwó,” ó wí.

“Wọ́n ti gbé mi, ó di ọdún kejì.” Salimat jókòó sórí ilẹ̀. “Bàbá ti kú, Asabe. Ọdún kẹwàá rèé. Ṣé ẹ ò gbọ́?”

“N kò gbọ́,” Asabe wí.

“Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ pín ogún, ààfáà dìde láàárín èrò. Ó ní ẹrúbìnrin tó bá bímọ fún olówó rẹ̀, wọn ò lè tà á, ọjọ́ tí olówó bá sì ti kú, ó ti dòmìnira nìyẹn, pé ọmọ tó bí ló tú u sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n pè yín. Wọ́n pe Asabe lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó dáhùn. Èmi ni mo dáhùn. Wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún yín. Èmi ni mò ń gbá a ní gbogbo Jímọ́ọ̀, títí wọ́n fi kó ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sí i.”

Wọn kì í kọ́ ẹrúbìnrin ju ohun tí yóò fi kírun lọ. Asabe kò gbọ́ òfin yẹn rí. Lọ́jọ́ tó jáde nílé yẹn, ọdún méjì péré ló kù fún un láti fi dúró, kó sì di ìyá ọmọ rẹ̀ lójú gbogbo ilé. Ọkàn rẹ̀ bà jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè sunkún.

“Ṣé o mọ ohun tí mo jẹ́ sí ọ?” ó bi í.

“Mo mọ̀. Ìyá sọ fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n pín ogún.”

“Pè mí, wàlláhì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.”

Salimat la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún là á. Omi bọ́ lójú rẹ̀. “Ojú Ìyá ni mò ń rí,” ó wí. “Ẹ má bínú. Kò fẹ́ jáde.”

Asabe wọlé, ó gbé akèrègbè òrí jáde. Ó bu díẹ̀ sọ́wọ́, ó gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ó fi pa á lára láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò kánjú. Ó dá ọmọ padà. Ó gbé akèrègbè náà ru Salimat. Jummai síwájú, Salimat tẹ̀lé e, wọ́n gba ọ̀nà odò lọ.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti yà, Salimat yíjú padà, ó sì ké sí i láti dágbére.

“Asabe!”

“Mo ń bọ̀!”

Ẹnu Asabe ti sọ ọ́ kó tó mọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti sáré gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Ó wá dúró láàárín ọ̀nà, òrí ń yọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́.