Orí Tí Mo Ń Fi Ọwọ́ Tọ́

Àbúrò mi ń padà sí ilé-kéwú láàárọ̀ yìí. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jókòó, mo ti gbá ojúde wa l'Árẹ̀mọ lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín náà ni ojú ń tì mí.

Ọmọ ọdún méje ni. Èmi ni mo máa ń gbọ́ kéwú rẹ̀ kó tó lọ bá àfáà. Lọ́dún tó kọjá, tó bá ti gbé wàláà dání, á fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rò pé fáàrí ni. Màá fi ọwọ́ méjèèjì tọ́ ọ.

"Àǹtí mi, tí ẹ bá tọ́ ọ, wàláà máa ń di méjì."

"O ò tíì mọ ti ẹyọ kan, o ń wá méjì."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Tó bá jí, á bì, ara rẹ̀ á sì yá. Mo ní kò fẹ́ lọ kéwú ni. Ìyá wa gbà, torí èmi ni mo ka ìwé mẹ́wàá.

Ìgbà tó ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n l'Ọ́jà'ba bí ẹni mu ẹmu la tó gbé e lọ ọsibítù. Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀. Dókítà ní kókó kan hù sẹ́yìn ọpọlọ, ó dí ọ̀nà omi inú orí, ìyẹn ló ń mú un bì. Ó ní kò sẹ́ni tó fà á.

"Ìgbà wo ló ti ń fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́?"

Ìyá wa wo ojú mi. Mo ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo sáré tẹ̀ lé dókítà jáde. "Ẹ má bínú mà, oṣù mẹ́rin ni. Èmi ni mo ń tọ́ ọ."

"O ṣeun tó o sọ ọ́. Ibi tí ojú rẹ̀ á ti rí nǹkan ní ẹyọ kan ló ń fi orí wá."

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n yọ kókó náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń fi ìtànṣán ẹ̀rọ pa èyí tó ṣẹ́ kù, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀. Wọ́n á fi ìbòjú kan de orí rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì kó má baà mì. Mi ò lè wò ó.

Láàárọ̀ yìí ó gbé wàláà, orí ṣì tẹ̀ díẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ ò tọ́ ọ?"

"Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹyọ kan ni mò ń rí báyìí o."

Ó ń kà á geere. Ìyá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣe alihamdulilai.

Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì tí mo sọ fún dókítà lójú yín, oṣù mẹ́rin ni."