Aago Lórí Igi Máńgòrò

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni iléeṣẹ́ epo dá èmi àti aládùúgbò mi ará Kòlóńbíà dúró, nígbà tí owó epo já wálẹ̀ tí ìdajì ìlú Calgary ní Kánádà ń wáṣẹ́. Èmi sọ̀ kalẹ̀ lọ sí basement. Òun ṣí garage rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ó tan orin, ó ń kó snow, ó ń jó pẹ̀lú ṣọ́bìrì.

Orin kan ṣoṣo ni, lédè Spanish. Ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì ní ọsibítù Seton, á ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, á rẹ́rìn-ín sí i, á mi ìdí díẹ̀ kó tó wọlé. Ó ti pẹ́ tó ti mi ìdí nítorí tèmi.

Mo lọ bi ọkùnrin náà pé kí ni orin yẹn túmọ̀ sí. Mo ti gbà pé ìbànújẹ́ kan á fara pamọ́ síbẹ̀. Ohun tí yunifásítì kọ́ mi nìyẹn, kí n má gbà pé èèyàn lè dunnú lásán. Ó ní obìnrin kan ló fi aago ọwọ́ rẹ̀ kọ́ sórí igi máńgòrò, ó bá ijó lọ, ó ní bí ọ̀la bá ń wá òun, kó wá bá òun níbẹ̀.

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Nothing, my friend. She dances."

Inú bí mi. Irú ìwé ìdádúró kan náà ni wọ́n já fún àwa méjèèjì.

Ìyá mi ní Abẹ́òkúta kò tíì gbọ́. Ní gbogbo Friday, màá wọ ṣẹ́ẹ̀tì àti táì lórí ṣòkòtò pìjámà, màá jókòó síwájú ògiri funfun ní basement, màá pè é lórí fídíò bí ẹni tó wà ní ọ́fíìsì. Ìyàwó mi á dúró lórí àtẹ̀gùn:

"Prof, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi kí manager yín."

Ní Friday kan, orin náà gba ojú fèrèsé wọlé.

"Ariwo kí nìyẹn ní ọ́fíìsì yín?" ni ìyá mi bi mí.

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi. Mo gbójú sókè wo fèrèsé kékeré náà, mo rí bàtà aládùúgbò mi tó ń fò nínú snow. Òun kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìlara fún mi lọ́rùn ju táì lọ. Mo tú táì náà.

"Mọ́mì, kò sí ọ́fíìsì. Wọ́n ti dá mi dúró."

"Mo mọ̀. Ìyàwó ẹ ti sọ fún mi kí òtútù tó dé. Mo ní kó má sọ fún ẹ pé mo mọ̀, pé táì yẹn yẹ ẹ́. Ta ló ń jó níta? Gbé mi lọ, jẹ́ n rí i."

Mo gbé fóònù lọ bá a. Ìyá mi pàtẹ́wọ́ fún un títí orin fi parí. Kò pàtẹ́wọ́ fún èmi bẹ́ẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí mo gba master's.