Àbẹ́là Lórí Àpótí Màmá Kòríà

Ẹ má bá mi wí tí inú bá ṣì ń bí mi. Àpótí aṣọ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe tèmi. Màmá ará Kòríà kan tá a jọ ń gbé àdúgbò ní Longbridge, nílùú ọba níbí, ló ni ín. Ìyá rẹ̀ ló gbé e fún un nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Wọ́n gbẹ́ igi ẹ̀ dáadáa, wọ́n fi oje igi dúdú kùn ún títí tó fi ń dán bíi dígí, wọ́n wá fi ìkarahun òkun ya ìjàpá, àgbọ̀nrín àti ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn sára ilẹ̀kùn. Nígbà tí ọmọ màmá yẹn mú ìyá ẹ̀ lọ sí fúláàtì kékeré ní Beam Park, kò sáyè fún àpótí níbẹ̀. Màmá yẹn ní kí n bá òun tọ́jú ẹ̀, òun á máa wá wò ó. Èmi náà gbà.

Màámi, ọmọ Ìjẹ̀bú, Aládùúrà paraku, ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ó bi mí pé kí ni ìjàpá ń wá lára ilẹ̀kùn. Mo ní ẹ̀mí gígùn ni wọ́n fi ń tọrọ fún ẹni tó ni ín. Ó ní, "Hùn."

Kò pẹ́ ni àìsàn gbé màmá yẹn lọ sọ́sibítù. Lọ́jọ́ kan mo ti ibi iṣẹ́ dé, òórùn àbẹ́là pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Àbẹ́là mẹ́ta lórí àpótí, kò sí àwo lábẹ́ ìkankan! Oje igi yẹn ti wú, ó ti funfun. Orí mi gbóná. Mo pariwo mọ́ Màámi pé tó bá jẹ́ ẹ̀mí àìmọ́ ara ìjàpá ni wọ́n ń lé, ṣé wọn ò lè lé e láti orí ilẹ̀ ni?  Màámi ṣáà ń fi èékánná ha àbẹ́là tó yọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú alẹ́ nìkan ló kù láàárín wa. Mo fi epo nu orí àpótí, mo fi ìpara pa á, pàbó ni. Ara Màmá Kòríà sì ti ń yá, ó ń bọ̀ wá wo ẹrù ẹ̀.

Ó tẹ ọ̀pá wọlé, ó sì ká aṣọ tí mo fi bo orí àpótí. Mo ti ń purọ́ pé áyọ́ọ̀nù ni mo gbàgbé síbẹ̀, ni Màámi bá já lu ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tó gbọ́.

"Èmi ni. Ẹni tọ́wọ́ wa ò bá tó, nǹkan ẹ̀ la máa ń gbàdúrà sí. Èyí nìkan ni nǹkan yín tó wà nílé yìí. Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kẹ́ ẹ padà wá wò ó."

N kò mọ ibi tí mo máa wò. Odindi oṣù kan, mi ò bi Màámi rí ìdí tó fi tan àbẹ́là síbẹ̀.

Màmá Kòríà fọwọ́ ra ìjàpá ara ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ ra ojú ibi tó jó, ó wá béèrè bóyá àbẹ́là ṣì kù. Màámi ti dìde kó tó sọ ọ́ tán. Inú ṣì ń bí mi, àmọ́ èmi ni mo lọ gbé àwo wá.